Alessandro Volta, Ẹni Tó Fi Ìgò Gba Afẹ́fẹ́ Irà (1745–1827)

Kò sí ẹni tí kò mọ volt láàárín wa. Bí iná bá dé tí gílóòbù ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn, a ó ní fóltéèjì kò gbé e. Ẹ̀yìn fíríìjì àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń kọ 220 tàbí 240 volt sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni wọ́n gé kúrú báyìí kò pọ̀, àwọn tó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ti gbé ẹni náà níyì kí ó tó dé ìdí bátìrì kò tó ìyẹn pàápàá. Alessandro Volta ni orúkọ rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ni wọ́n fi sọ Odò Volta ní Gáńà o. Àwọn Potogí ló sọ odò náà lórúkọ, nígbà tí a kò tíì bí baba ńlá ọkùnrin yìí.)

Àwọn kan nínú àwa tí à ń kọ èyí, Lokogoma ní Àbújá ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni ibẹ̀ kí ìjọba tó sọ Àbújá di olú-ìlú. Lónìí, ilé àti ọgbà onígéètì ló kún ibẹ̀. Síbẹ̀, màlúù kò kúrò níbẹ̀. Àwọn Fúlàní darandaran ṣì ń dà wọ́n gba àárín ilé kọjá, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a sì máa jẹ koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti ti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Ìgbẹ́ wọn a wà lójú títì, òórùn a gba gbogbo àdúgbò. Onílé a ní àìsàn ni wọ́n ń dà wá bá òun. Darandaran a ní ọ̀nà ẹran ni ibẹ̀ rí kí wọ́n tó fi ògiri dí i. Ẹni tó kàwé díẹ̀ nínú wọn a tún fi kún un pé màlúù ló ń mú kí ayé gbóná. Nínú gbogbo awuyewuye yìí, imú nìkan ni adájọ́. Kò sí ẹni tó mú ìwọ̀n kankan dání. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa ronú kan Volta, nítorí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ gáàsì tí màlúù ń gùfẹ̀ wò fínnífínní, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi nọ́ńbà sọ bí afẹ́fẹ́ ibì kan ṣe dára sí.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1745 ni wọ́n bí i ní Como, ìlú kan létí adágún ní àríwá Ítálì. Nígbà náà kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Ítálì. Abẹ́ ìjọba Ọ́síríà ni Como wà. Filippo Volta ni bàbá rẹ̀, Maddalena Inzaghi ni ìyá rẹ̀. Ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọlá náà ju owó wọn lọ. Ìdílé ìjọ Páàdì ni pẹ̀lú, nítorí púpọ̀ nínú ẹbí rẹ̀ ló jẹ́ àlùfáà. A gbọ́ pé ó tó ọmọ ọdún mẹ́rin kí ó tó sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rù sì ti ń ba àwọn ará ilé pé bóyá odi ni wọ́n bí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀rọ̀ là lẹ́nu rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kú, ó sì di ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá ń tọ́.

Ní ọdún 1758, wọ́n fi í sí ilé-ìwé àwọn Jésúìtì ní Como. Nígbà tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ rí i pé orí rẹ̀ pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ra kí ó lè di àlùfáà. Èyí kò dùn mọ́ ẹbí nínú, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1761, nítorí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni wọ́n fẹ́ kí ó ṣe. Kò ṣe iṣẹ́ àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ọ̀rẹ́ kan ló gbà á, Giulio Cesare Gattoni, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, tó ní yàrá kan tó kún fún irinṣẹ́, tó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Volta kò lọ sí yunifásítì kankan. Ohun tó kọ́, inú ìwé àti inú yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ló ti kọ́ ọ. Nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún 18, ó ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ilẹ̀ Yúróòpù nípa iná mànàmáná. Ọdún 1769 ló tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní 1774 wọ́n fi í ṣe alábòójútó ilé-ìwé ìjọba ní Como, ó sì di olùkọ́ físíìsì níbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Kí a tó dé etí adágún, ó yẹ kí a mọ ojú tí àwọn Òyìnbó ìgbà náà fi ń wo afẹ́fẹ́. Wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ irà ló ń fa ibà. Èdè Ítálì ni malaria ti wá, afẹ́fẹ́ burúkú sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èrò kan náà ni àwọn Òyìnbó gbé dé Èkó ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń sá fún àbàtà etí ọ̀sà bí ẹni sá fún ìgbónán. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé. Nítorí náà, ní ayé Volta, ẹni tó bá lè fi ìwọ̀n sọ pé afẹ́fẹ́ ibí dára, tibí kò dára, ó ti gba ẹ̀mí là nìyẹn. Joseph Priestley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọ̀nà kan lélẹ̀ ní 1772: ó ń da gáàsì kan tí a ń pè ní nitric oxide pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lórí omi, ó sì ń wo bí àpapọ̀ wọn ṣe ń sún kì. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ṣe dára tó ni yóò ṣe sún kì tó. (Priestley yìí kan náà ló kọ́kọ́ gba amóníà jọ gẹ́gẹ́ bí gáàsì. Amóníà ni ohun tó ń ta yín nímú bí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí màlúù ti sùn.) Ní 1775, ọ̀rẹ́ Volta kan ní Milan, Marsilio Landriani, sọ irinṣẹ́ irú iṣẹ́ yìí lórúkọ. Ó fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú èdè Gíríìkì, ó pè é ní eudiometer, ìwọ̀n dídára afẹ́fẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ mìíràn, Bàbá Carlo Giuseppe Campi, sọ fún Volta nípa afẹ́fẹ́ kan tó ń gbiná ní ojúsun omi kan ní San Colombano. Láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú, Benjamin Franklin ti kọ̀wé pé ojú omi kan ń gbiná bí a bá ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Volta kò jókòó máa ka lẹ́tà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1776, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí Adágún Maggiore, nítòsí Angera, níbi tí èèsún pọ̀ sí tí omi kò sì jìn. Ó ki ọ̀pá bọ inú ẹrẹ̀, ó rú u. Ìhó bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè. Ó ti rọ omi kún ìgò, ó da ẹnu rẹ̀ dé inú adágún, ó sì gbé e sí ọ̀gangan ibi tí ìhó náà ti ń jáde. Bí ìhó ti ń wọlé, omi inú ìgò ń sọ̀ kalẹ̀, títí gáàsì fi kún ìgò. Gbogbo ọgbọ́n náà kò ju èyí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é ní odò ẹ̀yìnkùlé wọn, bí kò bá ti sí iná nítòsí.

Ó gbé ìgò lọ sílé, ó sì fi iná sí i. Iná náà jó jẹ́jẹ́, ó sì ní àwọ̀ búlúù. Nígbà yẹn, gbogbo gáàsì tó ń gbiná ni wọ́n ń pè ní orúkọ kan náà, wọ́n sì rò pé háídírójìn ni gbogbo wọn, èyí tí Henry Cavendish ti rí láti ara irin àti ásíìdì ní 1766. Volta ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ti irà yìí kì í bú gbàmù bí ti irin, ó sì nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ ju tirẹ̀ lọ kí ó tó lè jó tán. Ohun tí a mọ̀ lónìí gbè é lẹ́sẹ̀: ìwọ̀n kan gáàsì yìí nílò bí ìwọ̀n mẹ́wàá afẹ́fẹ́ lásán, nígbà tí háídírójìn kò nílò tó mẹ́ta. Ó rú ẹrẹ̀ ní ibi púpọ̀ mìíràn, ó sì rí gáàsì yìí níbi gbogbo tí ewé, koríko àti òkú ẹran bá ti ń jẹrà lábẹ́ omi. Ìparí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni pé láti ara nǹkan ẹlẹ́mìí tó jẹrà ló ti ń wá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà sí Campi, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní Milan ní 1777. Ní ọdún 1780 ó lọ sí Pietramala, níbi tí iná ti ń jó láti inú ilẹ̀ láìsí igi, ó sì fi hàn pé gáàsì kan náà ni. Gáàsì yìí ni a ń pè ní methane lónìí, ọdún 1866 ni August Wilhelm von Hofmann sì fún un ní orúkọ náà.

Ibí ni màlúù ti wọ ọ̀rọ̀ Volta, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Àpòlúkù màlúù, irà kékeré kan ni. Koríko wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ọ́síjìn kò sí, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó jẹ́ ìbátan àwọn ti inú ẹrẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọ́n ń sọ koríko tí ènìyàn kò lè jẹ di oúnjẹ fún màlúù, methane sì ń jáde níbi iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdí ló ń gbà jáde, wọn a sì máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹnu ni èyí tó pọ̀ jù lọ ń gbà jáde, bí ẹran náà bá ti ń jẹ àpọ̀jẹ tó ń gùfẹ̀. Ìdá 2 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó wà nínú oúnjẹ màlúù ló ń bá gáàsì yìí lọ, nítorí náà àdánù ni fún ẹni tó ni ẹran kí ó tó di àdánù fún ayé. Nínú afẹ́fẹ́ ayé, methane kò tó ìwọ̀n kan nínú mílíọ̀nù nígbà ayé Volta. Ó ti lé ní 1.9 nísinsìnyí, àwọn ẹran ọ̀sìn sì wà lára ohun tó fà á, pẹ̀lú epo rọ̀bì, èédú, oko ìrẹsì àti ààtàn.

Kí a padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa. Ó kọ́kọ́ fi gáàsì rẹ̀ ṣeré. Ó ṣe ìgò kan tó dà bí ìbọn, ó pò gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, ó fi kọ́ọ̀kì dé e, ó sì jẹ́ kí iná mànàmáná ta pàrà nínú rẹ̀. Kọ́ọ̀kì fò jáde bí ọta. Ní 1777 ó dábàá pé a lè na wáyà láti Como dé Milan, kí a máa ti ìlú kan yin ìbọn yìí ní ìlú kejì láti fi ránṣẹ́. Kò ṣe é, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí a tún lè pè é bí kò ṣe ìyá tẹlígíráàfù.

Nínú eré yìí ni iṣẹ́ gidi ti jáde. Ó sọ ìbọn náà di eudiometer tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà ṣàlàyé rẹ̀. Mú túùbù dígí tí a ti fa ìlà ìwọ̀n sí lára, tí orí rẹ̀ dí, kí o dà á dé inú omi. Fi ìwọ̀n 100 afẹ́fẹ́ tí o fẹ́ yẹ̀ wò sínú rẹ̀, kí o fi 100 háídírójìn kún un. Jẹ́ kí iná ta pàrà. Háídírójìn á mú ọ́síjìn, wọ́n á di omi, omi ìsàlẹ̀ á sì gun òkè láti dí àyè tó ṣófo. Dípò 200, 137 ni yóò kù. 63 ti lọ. Níwọ̀n ìgbà tí háídírójìn méjì bá ń mú ọ́síjìn kan, ìdá mẹ́ta 63 ni ọ́síjìn, ìyẹn 21. Ọ̀nà yìí péye ju ti Priestley lọ fíìfíì.

Kí wá ni wọ́n rí? Ohun tí wọn kò retí ni. Cavendish wọn afẹ́fẹ́ London ní 60 ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 1781, ó sì wọn ti ẹ̀yìn ìlú pẹ̀lú; ọ̀kan náà ni wọ́n, bíi 20.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1804, Gay-Lussac, ará Faransé, jókòó sínú agbọ̀n tí wọ́n so mọ́ àpò ńlá tó kún fún gáàsì, ó fò lọ sókè tó bíi mítà 7,000, ó sì bu afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wá. Òun àti Humboldt fi eudiometer Volta yẹ afẹ́fẹ́ wò, ọ̀kan náà. Òkè tàbí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ìgboro tàbí oko, ọ́síjìn kò yí padà. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti fi dá ibi rere mọ̀ yàtọ̀ sí ibi burúkú ń sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo níbi gbogbo. Ọ̀pọ̀ ló pa iṣẹ́ náà tì, wọ́n ní òfo ni. Lójú tiwa, kì í ṣe òfo. Ìwọ̀n náà ti jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ń wò ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń pani lára nínú afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ́síjìn tó dín, bí kò ṣe nǹkan bíńtín tó wọ inú rẹ̀, tí ìwọ̀n ìgbà náà kò lè rí.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí lọ sí Lokogoma. Ọ́síjìn ibẹ̀ kò dín nítorí màlúù. Methane tí wọ́n ń gùfẹ̀ kò ní òórùn rárá, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára ní ìta gbangba. Ohun tó ń ṣe, òkè lọ́hùn-ún ló ti ń ṣe é, ní ti ooru. (Gáàsì ìdáná ilé wa náà kò ní òórùn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò ni.) Ohun tó ń rùn, amóníà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Amóníà máa ń jáde nígbà tí ìtọ̀ màlúù bá kan ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, a máa ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lè bá àwọn nǹkan mìíràn lójú òfuurufú di eruku tó kúnná gan-an tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó burú jù nínú wọn ni hydrogen sulphide, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó sì ń gbé inú kòtò ìgbẹ́ tó kún. Díẹ̀ rẹ̀ a rùn bùlà. Bí ó bá tó bíi 100 nínú mílíọ̀nù, á pa imú, ènìyàn kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, á rò pé ó ti lọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni ó ń pani. Nítorí náà, ẹni tó bá fi imú ṣe adájọ́ yóò dá methane láre nítorí kò rùn, yóò sì wọ inú kòtò lọ bá hydrogen sulphide nítorí òórùn rẹ̀ ti dákẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń kó màlúù ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ọgbà kan láti bọ́ wọn sanra, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wọn afẹ́fẹ́ àyíká ọgbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé irinṣẹ́ kan sí apá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, wọ́n á gbé èkejì sí apá tó ń fẹ́ lọ, wọ́n á sì ka bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré sí. Iye tó wà ní apá kejì tí kò sí ní apá kìn-ín-ní, ọgbà ẹran ló ni ín. Àwọn mìíràn ń ta iná léésà kọjá lórí ọgbà, kí wọ́n fi wo bí gáàsì ṣe gbé díẹ̀ mì nínú iná náà. Ti wa yàtọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ màlúù Nàìjíríà fi ń wá oúnjẹ. Nọ́ńbà tí àjọ IPCC fi sílẹ̀ ní 2006 fún orílẹ̀-èdè tí kò bá ní tirẹ̀ ni kílógíráàmù 31 methane lọ́dún fún màlúù Áfíríkà kan tí kì í ṣe ti wàrà. Ìfojúdíwọ̀n ni, kì í ṣe pé wọ́n wọn màlúù àdúgbò wa. Ní Nairobi, ibùdó Mazingira tó wà lábẹ́ àjọ ILRI ní yàrá tí wọ́n ń ti màlúù sí láti wọn èémí rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún wa mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ilé-iṣẹ́ ìjọba tuntun fún ẹran ọ̀sìn, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sì ń lé ni kí màlúù kúrò ní títì, kí ó jókòó sójú kan. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìjà á dín kù. Ṣùgbọ́n màlúù tó jókòó sójú kan, ojú kan náà ni ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ yóò wà, ẹnìkan á sì wà ní apá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Ó lè jẹ́ ọmọ darandaran fúnra rẹ̀ ni. Kí ẹran tó dé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti wọn afẹ́fẹ́ náà, nítorí bí wọ́n bá dé tán, kò sí ẹni tó lè sọ bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ìyókù ìtàn Volta ni gbogbo ayé mọ̀, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1778 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pavia. Ní 1791 Luigi Galvani, ará Bologna, kéde pé iná mànàmáná wà nínú ẹsẹ̀ àkèré, nítorí òkú ẹsẹ̀ náà ń ta bí irin méjì bá kàn án. Volta kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ó ní ọ̀dọ̀ irin méjèèjì ni iná ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àkèré. Láti fi èyí hàn, ó to owó pẹlẹbẹ síńkì àti fàdákà léra wọn, ó sì ń fi páálí tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn. Báyìí ni bátìrì ṣe dé. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1800 ló kọ lẹ́tà rẹ̀ sí Joseph Banks ní London. Kí ọdún náà tó dé àárín, Nicholson àti Carlisle ti fi irú rẹ̀ pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn: gáàsì méjì tí eudiometer Volta ń sọ di omi, bátìrì Volta tún sọ omi di wọn.

A kò fẹ́ sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ọ̀ràn ìjọba kò le fún un rárá. Ẹni tó bá jókòó lórí àga ni ó ń bá ṣe. Nígbà tí Napoleon gba ilẹ̀ wọn ní 1796, Volta wà lára àwọn tí Como rán lọ kí i. Ní 1799 àwọn Ọ́síríà padà dé, wọ́n ti yunifásítì pa. Ní 1800 Faransé tún borí, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1801 ó fi bátìrì rẹ̀ han Napoleon ní Paris, ó gba góòlù, ó gba owó ìfẹ̀yìntì, ó sì padà di oyè kọ́ǹtì ní 1810. Galvani, ẹni tó bá a jiyàn, kọ̀ láti búra fún ìjọba Faransé, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kú ní 1798. Nínú ìjà ìmọ̀ wọn, apá kan òtítọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ti ìwà, a fẹ́ràn Galvani jù. Ní ti ilé, Volta fẹ́ràn akọrin obìnrin kan, Marianna Paris, fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹbí kò gbà. Ó ti di ẹni ọdún 49 kó tó fẹ́ Teresa Peregrini ní 1794. Wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn, Flaminio, sì kú ní ọ̀dọ́ ní 1814.

Ó fẹ̀yìn tì ní 1819, ó sì lọ ń gbé ní Camnago, lẹ́bàá Como. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1827, ní ẹni ọdún 82. Ọjọ́ náà gan-an ni Laplace, ọ̀mọ̀wé ńlá Faransé tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí, kú ní Paris. Ní 1881, ìpàdé àwọn onímọ̀ iná mànàmáná ní Paris fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n tí a ń pè ní volt. Ní 1899, nígbà tí Como ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún bátìrì, wọ́n kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde fún àwọn ènìyàn wò, iná sì sọ ní ibi àfihàn náà ní ọjọ́ 8 oṣù Keje. Púpọ̀ nínú wọn jóná. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n tún rọ ní àwòrán wọn, ló wà nínú ilé kan tí wọ́n kọ́ sí etí adágún Como tí wọ́n sì ṣí ní 1928.